Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ara bá Di Ọ̀tá Ẹ̀dọ̀fóró

Ní oṣù Sẹ́ptẹ́ńbà ọdún 1918, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ku díẹ̀ kí ó parí, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn kan wọ èbúté Èkó, àrùn tí àwọn baba wa sọ ní lúkúlúkú, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní influenza. Kò sì pẹ́ tí ó fi tọ ojú irin àti ojú odò wọ àárín ilẹ̀ lọ, tí kò wojú ọlọ́rọ̀, tí kò ṣàánú tálákà, títí tí ọwọ́ àwọn tí ń sin òkú kò fi ká iṣẹ́ wọn mọ́. Kì í ṣe tuntun pé kí àrùn pa ọmọ ọwọ́ tàbí kí ó mú arúgbó lọ. Ohun tí ó dẹ́rù ba àwọn oníṣègùn jákèjádò ayé ni pé àwọn géńdé ẹni 20 ọdún sí 40 ọdún, àwọn tí egungun wọn le, tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná, tí wọ́n jẹ́ òpó tí ilé gùn lé, ni ikú ọ̀hún ń ké lulẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ ikọ́ ní ọjọ́ Ajé, tí ètè rẹ̀ yóò sì ti ṣú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú: bí kòkòrò àrùn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró tí aláìsàn sì kú, ṣé kòkòrò náà ni ó pa á ni, tàbí ogun tí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ gbé dìde sí i? Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ohun tí mo sì fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni bí ikú ilé yìí ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún un, àti ìdí rẹ̀ tí àrùn kan náà tí ó jẹ́ ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta lásán lára ẹnìkan fi ń di ikú lára ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ibi tí ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró, abínú-fúyẹ́ tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru, kún fún àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn tí ó kà wọ́n sọ pé wọ́n tó nǹkan bí 480 mílíọ̀nù lára àgbàlagbà kan. Awọ àpò kọ̀ọ̀kan sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó wà láàárín afẹ́fẹ́ tí a mí sínú àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ kò fi tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Nínú fífẹ́lẹ́ yìí ni ìyè wa wà, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá wọ inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró. Inú rẹ̀ náà sì ni ewu wa wà. Bí ẹ̀gún bá gún ni lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò wú, yóò pọ́n, yóò gbóná, ẹni náà yóò tiro fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ara yóò tù ú; ṣùgbọ́n bí wíwú òun gbígbóná kan náà bá ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àpò wọ̀nyí, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò jò sí ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, aláìsàn yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ láìrí ohun tí ó ń mí fún. Ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1967, Ashbaugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe ipò yìí lára aláìsàn 12, wọ́n sì fi hàn pé ohun yòówù tí ì báà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe òtútù àyà, ìbáà ṣe ìpalára, ọ̀nà kan náà ni ẹ̀dọ̀fóró fi ń bàjẹ́.

Ara kò ṣàìní ẹ̀ṣọ́ o. Ní ọdún 1957, ní ilé ìwádìí tí ó wà ní Mill Hill ní London, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann mú kòkòrò influenza tí a ti fi ooru pa, wọ́n fi kan awọ inú ẹyin adìẹ, wọ́n sì rí i pé awọ náà tú ohun kan jáde tí kò jẹ́ kí kòkòrò tí ó wà láàyè rí ibẹ̀ pọ̀ sí. Ohun náà ni wọ́n sọ ní interferon. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó fi ara wé ìlú olódi ayé ijọ́un: sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò kọ́kọ́ wọ̀ ni oníbodè, interferon sì ni agogo tí oníbodè náà ń lù kí ó tó kú, tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́, tí olúkúlùkù wọn ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbọin-gbọin kí ọ̀tá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí agogo bá dún ní kùtùkùtù, ẹnu ibodè ni ìjà yóò parí sí, àwọn ará àárín ìlú lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ogun wá rárá. Bí kò bá dún, tàbí tí ó bá dún nígbà tí ọ̀tá ti gba ìdajì ìlú, àwọn jagunjagun yóò dé pẹ̀lú ìbínú, wọn yóò máa ta ọfà sí gbogbo ohun tí ó bá mira, wọn yóò máa sun ilé ọ̀tá pẹ̀lú ilé onílé. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn tó èyí: pípẹ́ agogo náà ni ó ń bí ìparun, ju pípọ̀ tàbí líle àwọn jagunjagun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹ̀rí náà. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti tún kòkòrò ọdún 1918 ṣe padà ní ọdún 2005, láti inú àjẹkù rẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù lára àwọn òkú ìgbà náà, a fi í kó àrùn ran àwọn ọ̀bọ ní Kánádà, ní ilé ìwádìí tí a há pinpin. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ohun tí a rí ni pé ọ̀nà tí ara ọ̀bọ fi ń pe interferon sójú ogun kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, kòkòrò sì ń pọ̀ sí i, nígbà tí àwọn èròjà mìíràn tí ń fa wíwú òun gbígbóná ń ru gùdù. Ní ọdún 2016, Stanley Perlman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí eku, wọ́n fi kòkòrò SARS, àrùn tí ó pa ènìyàn 774 láàárín ọdún 2002 sí 2003, ràn wọ́n. Kòkòrò náà yára pọ̀, interferon sì pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí a ń pè ní monocyte ni ó ń pè jọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì bà á jẹ́. Eku tí a fún ní interferon ṣáájú yè. Eku tí a mú àwọn monocyte yẹn kúrò lára rẹ̀ náà yè. Èyí tí ó sì yani lẹ́nu jùlọ ni pé eku tí a bí láìní etí tí yóò fi gbọ́ agogo náà rárá, òun pẹ̀lú yè; nítorí pé agogo tí ó bá pẹ́, kò sàn ju kí ó má dún lọ.

Eku kì í ṣe ènìyàn, èmi kì í sì í fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ eku nìkan dájọ́ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Jean-Laurent Casanova, tí ń ṣiṣẹ́ ní New York àti ní Paris, ròyìn ọmọdébìnrin kan tí influenza fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀, ọmọ tí kò ní àìsàn mìíràn. Àbùkù wà lára jíìnì kan tí ó jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá rẹ̀, jíìnì tí í máa pàṣẹ kí a tú interferon jáde. Nígbà tí àrùn Kòrónà wá dé, ẹgbẹ́ kan náà yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 987 tí àrùn náà ti gbé dé ẹnu ikú wò, wọ́n sì rí i ní ọdún 2020 pé 101 nínú wọn ni ara wọn ti ṣe antibody, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa bá kòkòrò jà, ṣùgbọ́n tí ń pa interferon tiwọn fúnra wọn. Nínú àwọn 663 tí àrùn náà kò mú lágbára, wọn kò rí ẹyọ kan. Nínú àwọn 101 náà, 95 ni ọkùnrin. Ẹ̀rí yìí fi hàn pé àwọn kan nínú àwọn tí a rò pé kòkòrò ni ó ṣẹ́gun wọn ti pàdánù agogo wọn kí kòkòrò náà tó dé ẹnu ibodè wọn rárá. Irú antibody yìí kan náà ni a sì tún rí lẹ́yìn náà lára àwọn kan tí influenza dá wó, nítorí àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, ohun tí ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Kòkòrò náà kò sì jókòó lásán. Influenza ní èròjà kan tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa agogo náà lẹ́nu mọ́, Kòrónà sì ní ju ẹyọ kan lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi jí yìí, ìwọ̀nba kòkòrò yóò ti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ wàyí nígbà tí àwọn jagunjagun bá dé pẹ́? Nínú àpò afẹ́fẹ́ wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé, tí a ń pè ní macrophage, onílé ni wọ́n, ìtọ́jú ilé ni iṣẹ́ wọn, wọn a máa gbá eruku, wọn a máa kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò, wọn a sì máa pa ìjà lẹ́nu. Nínú àrùn líle, àwọn onílé wọ̀nyí a kú tán tàbí kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn àjèjì monocyte a sì gba ipò wọn láti inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí kò mọ ilé, tí wọn kò mọ èyí tí a ń tọ́jú yàtọ̀ sí èyí tí a ń pa. Wọn a máa ké sí àwọn ẹlòmíràn, àwọn tí wọ́n ké sí a sì tún máa ké padà sí wọn. Àwọn onímọ̀ ní Chicago fi hàn ní ọdún 2021 pé nínú Kòrónà, macrophage tí kòkòrò ti wọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, a máa ru ara wọn sókè báyìí láti àpò dé àpò, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ pípẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Kòrónà fi ń pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ju òtútù àyà mìíràn lọ.

Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wọ̀nyí ni ohun ìjà kan wà tí a ń pè ní inflammasome, tí ẹgbẹ́ Jürg Tschopp ní ilẹ̀ Switzerland kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 2002. Bí ó bá ti lè ta, sẹ́ẹ̀lì náà yóò lu ara rẹ̀ ní ihò, yóò bẹ́, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì dà síta sórí àwọn aládùúgbò rẹ̀, pẹ̀lú èròjà ìbínú tí a ń pè ní interleukin-1. Ikú sẹ́ẹ̀lì kan a wá di ìpè fún ogun mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni iná náà yóò sì máa jó lọ, bí kòkòrò tí ó dá a tilẹ̀ ti ń dín kù. Ìyẹn ni ó fà á tí aláìsàn fi lè máa burú sí i ní ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí kòkòrò inú ọ̀fun rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn neutrophil, tí àwọn náà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, yóò dé pẹ̀lú, àwọn tí ẹgbẹ́ Arturo Zychlinsky ní Berlin fi hàn ní ọdún 2004 pé wọ́n lè tú okùn inú ara wọn jáde bí àwọ̀n láti fi mú kòkòrò. Àwọ̀n rere ni fún bakitéríà, ṣùgbọ́n nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó yí àpò afẹ́fẹ́ ká, àwọ̀n náà ni ẹ̀jẹ̀ ń dì mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀fóró òkú 7 tí Kòrónà pa wé 7 tí influenza pa, nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2020, ẹ̀jẹ̀ dídì wẹ́wẹ́ inú òpó tí ó kéré jù nínú ti Kòrónà jẹ́ ìlọ́po 9 ti influenza. Afẹ́fẹ́ ì báà wọ inú àpò, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí yóò wá gbé e lọ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ó tọ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ wá. Nígbà tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, ẹnu gbogbo ayé ni ó kún fún pé ìjì cytokine ni ó ń pa àwọn aláìsàn, ìyẹn ni pé èròjà ìbínú ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọn ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà, interleukin-6, tí a sì fi í wé ti àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí irú ìtọ́jú tuntun kan dá ìjì gidi sílẹ̀ lára wọn, ti àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ náà ga tó nǹkan bí ìlọ́po 100 ti Kòrónà. Èmi gbà pé ẹ̀rí yìí lágbára, ó sì ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: kì í ṣe kíkún akúnya nínú gbogbo ara ni a ní láti máa wò bí kò ṣe ohun tí ń lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró gan-an, ibi tí abẹ́rẹ́ tí a fi gba ẹ̀jẹ̀ ní apá kò lè dé. Ẹ̀rí kejì ti ọ̀dọ̀ Morens, Taubenberger àti Fauci wá ní ọdún 2008. Wọ́n tún ẹran ẹ̀dọ̀fóró 58 tí a ti pa mọ́ láti ìgbà àjàkálẹ̀ ọdún 1918 yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé bakitéríà ni ó gba ẹ̀yìn influenza wọlé, tí ó sì parí iṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ jùlọ wọn. Ó wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ tí ogun fi sílẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà bakitéríà, interferon tí ó sì pẹ́ jù lórí ìpè rẹ̀ a máa dín agbára tí a fi ń bá bakitéríà jà kù. Ìdí mìíràn nìyí tí àkókò fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀kẹta ni ti àrùn ẹyẹ H5N1, tí ó mú ènìyàn 18 ní Hong Kong ní ọdún 1997 tí ó sì pa 6, tí ó tún pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó níhìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007: nígbà tí a yẹ àwọn aláìsàn rẹ̀ ní Vietnam wò, àwọn tí èròjà ìbínú pọ̀ jù lára wọn ni kòkòrò náà pọ̀ jù lọ́fun wọn. Kí a má ṣe tìtorí pé iná ń jó kí a gbàgbé ẹni tí ó dá a.

Ìtàn kan wà tí ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Ní ọdún 1966, ní Washington, a fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sí kòkòrò RSV, èyí tí ń fa ikọ́ líle lára àwọn ìkókó. Formalin ni a fi pa kòkòrò inú abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí àrùn náà dé ní tòótọ́, 16 nínú àwọn ọmọ 20 tí a ti fún ní abẹ́rẹ́ tí ó sì mú ni a gbé dé ilé ìwòsàn, méjì sì kú. Nínú àwọn ọmọ tí a kò fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí ó dé ibẹ̀. Ara àwọn ọmọ náà ti kọ́ ogun tí kò tọ́: antibody wọn lè di kòkòrò mú ṣùgbọ́n kò lè pa á, àwọn jagunjagun tí ó sì dé kì í ṣe irú èyí tí a nílò. Ó gba ju 50 ọdún lọ kí abẹ́rẹ́ RSV tí ó dára tó jáde ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí a ti mọ ojú tí kòkòrò náà ń lò gan-an nígbà tí ó bá fẹ́ wọ sẹ́ẹ̀lì. Ikú àwọn ọmọ méjì yẹn ni ó kọ́ àwọn onímọ̀ pé líle ìjà nìkan kì í ṣe ààbò.

Nínú ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ àkókò ti hàn kedere jùlọ. Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, ni àwọn àgbà wí; ṣùgbọ́n dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, ni ó kọ́kọ́ yọ àwọn aláìsàn Kòrónà lọ́wọ́ ikú. Ní oṣù Júùnù ọdún 2020, ìdánwò RECOVERY tí Peter Horby àti Martin Landray darí láti Oxford fi hàn pé, nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ìdá 41.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú láàárín ọjọ́ 28 bí a kò bá fún wọn ní oògùn náà, ṣùgbọ́n ìdá 29.3 bí a bá fún wọn ní mìlígíráàmù 6 lójúmọ́. Nínú àwọn tí wọ́n ń gba ọ́síjìn láìsí ẹ̀rọ, 26.2 di 23.3. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò tíì nílò ọ́síjìn, oògùn náà kò ṣe rere kankan, ìdá 17.8 ni ó kú nínú àwọn tí ó lò ó, 14.0 nínú àwọn tí kò lò ó. Oògùn kan, àrùn kan, ìwọ̀n kan. Ibi tí àrùn ti bá a dé ni ó yàtọ̀. Tocilizumab, tí ń dí etí sí ìpè interleukin-6, náà dín ikú kù láti 35 sí 31 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí ó ti wúwo.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ti interferon fúnra rẹ̀. Nígbà tí a fún àwọn tí ó ti dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì dà bí ẹni pé ó pa àwọn tí ó burú jù lára. Ṣùgbọ́n ní Brazil àti Kánádà, nígbà tí a fún àwọn aláìsàn ní irú rẹ̀ kan tí a ń pè ní lambda, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọjọ́ méje tó pé tí àrùn bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó burú tó ẹni tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́ 25 nínú 931, wọ́n sì jẹ́ 57 nínú 1,018 lára àwọn tí a kò fún. Ọdún 2023 ni ìròyìn náà jáde. Ìgbà ara ni à ń búra, ẹnìkan kì í fi Ṣàngó búra lẹ́ẹ̀rùn.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Lára àwọn tí ó ti kọjá 80 ọdún, antibody tí ń pa interferon wà lára nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kódà bí wọn kò bá ṣàìsàn rárá. Ọ̀rá púpọ̀ lára àti ìtọ̀ ṣúgà a sì máa jẹ́ kí iná kékeré kan ti máa rú nínú ara tẹ́lẹ̀ kí kòkòrò tó dé. Nítorí náà ni Kòrónà fi ń mú àwọn àgbà lọ, ó sì yàtọ̀ gédégédé sí ti ọdún 1918.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní ìlú Ẹdẹ, ni Christian Happi àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Redeemer's University ti ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò Kòrónà àkọ́kọ́ tí a rí ní Nàìjíríà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a rí i ní òpin oṣù Fẹ́búárì ọdún 2020. Ó jẹ́ ìwúrí fún mi pé a lè ka àrùn nílé wa báyìí. Ohun tí mo ń fẹ́ nísinsìnyí ni kí irú ọwọ́ kan náà kan ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, kí a mọ ẹni tí agogo rẹ̀ kò dún nínú àwọn ènìyàn wa, nítorí ara àwọn ènìyàn ilẹ̀ mìíràn ni púpọ̀ nínú ìwádìí tí mo ti sọ yìí ti wáyé. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí kò tilẹ̀ ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì wà tí nọ́ọ̀sì lè bèèrè ní ẹnu ọ̀nà: ọjọ́ wo ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀, àti mélòó ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ìka sọ pé ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́? Èsì méjèèjì ni oníṣègùn yóò fi mọ̀ bóyá ó ti tó àkókò láti mú dexamethasone jáde, tàbí kí ó ṣì fi í sílẹ̀ nínú àpótí.